Àpò Ànàmọ́ Tí Mo Ń Gbé Nítorí Ìyá Rẹ

Dolman Bight,
Létí òkun,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Verna ọmọ mi ọ̀wọ́n,

O kú ìlú ńlá o, o kú ariwo ọkọ̀, o kú iṣẹ́ tí kì í tán. Ìwọ àti ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ, mo kí yín ná kí n tó sọ ohunkóhun. Ṣé ara le? Ṣé ooru Toronto ò tíì máa sè yín bí ẹran inú ìṣásùn? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ àwọn tó wà lójú agbami ni yóò máa ṣọ́ yín lójú títì, nítorí mo rí títì yín nígbà tí mo wá kí yín, mo sì mọ̀ pé agbami sàn jù ú lọ. Ẹ ò ní jáde kẹ́ ẹ má wọlé. Ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ò ní fi ojú burúkú wò ọ́. Àmín.

Tó o bá ń bèèrè èmi, mo wà láàyè, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń bá mi jà, mo sì ti fẹ́ẹ̀ borí rẹ̀. Àwọn adìẹ wà dáadáa àyàfi èyí funfun, mo ti pa á nítorí ìwà rẹ̀. Òrùlé ò jò. Òkè yìnyín ńlá kan dúró sẹ́nu ọ̀nà omi wa ní oṣù tó kọjá, a ò rí i nítorí kùrukùru, òtútù rẹ̀ la fi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó ti lọ báyìí. Ìdí tí mo fi kọ ìwé dípò kí n pè ọ́ ni pé ohun tí mo fẹ́ sọ gùn, fóònù tó o rà fún mi a sì máa gbóná létí mi tí mo bá sọ̀rọ̀ pẹ́, mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ lọ jóná sínú ẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gbé e dé, Cluny aládùúgbò wa ló bá mi gbé e gun òkè, ó sì ń ráhùn láti ìsàlẹ̀ dókè pé ṣé ilẹ̀kùn ilé ni Verna rà ránṣẹ́ ni. A gbé e sí ibi tí àga ìyá rẹ máa ń wà. Mi ò gbé àga náà kúrò nílé o, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo ṣí i sí. Láti ìgbà ìkórè tí rọpárọsẹ̀ ti mú ìyá rẹ lápá òsì, tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà lódìkejì omi, ilé yìí ti dákẹ́ jù fún mi. Mo ti ń gbọ́ aago ara ògiri. Ìwọ náà mọ̀ pé tí ìyá rẹ bá wà nílé, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ aago. Nítorí náà nígbà tó o ní kí n máa wo ẹranko àti ẹyẹ lórí tẹlifíṣọ̀n kí n lè rí ẹni bá gbélé, mo gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo sọ fún Cluny pé ẹyẹ tó ń yàgbẹ́ sórí ọkọ̀ mi níta ti tó mi.

Verna, mi ò rí ẹyẹ rí. Láti kékeré ni mo ti mọ pọ́fìn, ẹyẹ ẹlẹ́nu aláràbarà tó ń gbé erékùṣù iwájú wa yìí, mo ti sọ wọ́n lókùúta, mo ti kó ẹyin wọn, ọ̀kan tiẹ̀ bù mí níka jẹ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ọ. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ìlà tín-ín-rín wà lábẹ́ ojú wọn bí ìgbà tí obìnrin lé tìróò. Mo rí omi tó ń kán lẹ́nu ọ̀kan, mo rí ìkùukùu ojú ọ̀run nínú ẹyinjú rẹ̀. Dókítà ní ojú mi ti ń ṣú, ó ní wọ́n máa ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ sí i. Mo ti mọ̀ báyìí pé dókítà ò mọ nǹkan tó ń sọ. Ojú mi ò ṣe nǹkan kan, ayé ló dọ̀tí, àwọn tó ṣe tẹlifíṣọ̀n yìí kọ́kọ́ ń fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó fi hàn wá ni.

Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, ọmọlúwàbí ni. Jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ kí àwọn ẹyẹ má baà fò, èmi náà wá ń rìn jẹ́jẹ́, mo ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Cluny wọlé lọ́jọ́ kan, ó kó ikọ́ rẹ̀ ti gbogbo ayé wọlé, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ẹyẹ orí àpáta gbéra lójú ẹsẹ̀. Mo bi í pé ṣé o ti rí ohun tó o fà báyìí. Ó ní òun ò fa nǹkan kan, pé ẹyẹ tó bá fẹ́ fò á fò. Mo ní kó lọ húkọ́ rẹ̀ níta. Ó bínú lọ, ó ní orí mi ti dàrú látìgbà tí Drusilla ìyá rẹ ti lọ, ṣùgbọ́n ó tún yọjú lọ́jọ́ kejì, ó ti bọ́ bàtà, ó sì fi àkísà dí ẹnu.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo se ẹyẹ tọ́ọ̀, ẹyẹ òkun tí à ń yìnbọn pa jẹ, èyí tó ṣẹ́kù nínú fírísà láti ìgbà òtútù èṣí, mo fi àlùbọ́sà àti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sí i bí ìyá rẹ ṣe máa ń ṣe, mo gbé abọ́ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Àfi bí àwọn ẹyẹ tọ́ọ̀ ṣe yọ. Wọ́n tò sórí àpáta bí ìjọ lọ́jọ́ Àjíǹde, baba ń fi ẹja sí ọmọ lẹ́nu, gbogbo wọn kọjú sí mi. Mo da aṣọ ìnuwọ́ bo abọ́ náà títí wọ́n fi kúrò níbẹ̀. Mo jẹ ẹ́ o, a kì í fi oúnjẹ ṣòfò, ṣùgbọ́n inú ilé ìdáná ni mo ti lọ jẹ ẹ́.

Ìyá rẹ náà ń wò ó ní ọ̀hún. Tí wọ́n bá ti gbé e dé ìyẹ̀wù tí gbogbo wọn ti ń wò ó, á ní kí wọ́n pè mí, èmi á gbé fóònù sétí, a óò jọ máa wò ó. Ẹnu rẹ̀ ṣì wúwo, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá sọ, ó máa ń dun ẹni tó bá sọ ọ́ sí. Ẹyẹ kan ń jí koríko inú ìtẹ́ ẹnìkejì rẹ̀, ìyá rẹ ní Cluny rèé. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó lé ológbò. Bẹ́ẹ̀ la ṣe lo gbogbo ìgbà òtútù, èmi níhìn-ín, òun lọ́hùn-ún, omi láàárín wa, à ń wo ẹyẹ kan náà.

Ìparí oṣù kẹta ló sọ fún mi lórí fóònù, ẹnu rẹ̀ là ketekete lọ́jọ́ náà, ó ní Hedley, wá gbé mi. Mo bá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá wọn. Maricel, ọmọbìnrin ará Filipín tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ibẹ̀ ní rírìn, ló jókòó tì mí. Ó ní bàbá, ẹ má bínú, a ò lè fún yín ní màmá àfi tẹ́ ẹ bá lè gbé wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, àti láti orí àga sí ilé ìyàgbẹ́, ẹ̀yin nìkan, láìsubú. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn yín ń kọ́? Mo ní ẹ̀yìn mi wà ní ibi tí Ọlọ́run fi í sí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn làwọn máa dán mi wò, pé tí mi ò bá lè ṣe é, wọ́n á fún ìyá rẹ ní bẹ́ẹ̀dì títí láé nínú ilé ìtọ́jú kan nílùú tó jìnnà, ibi tó jẹ́ pé tí mo bá fẹ́ rí i, mo máa wọ ọkọ̀ omi, màá wọ bọ́ọ̀sì, màá sun ọ̀nà. Mi ò sọ èyí fún ọ nígbà náà nítorí mo mọ̀ pé wàá ní kí àwa méjèèjì máa bọ̀ ní Toronto. Ìyá rẹ ò sọ pé òun fẹ́ lọ Toronto. Ilé ló ní òun fẹ́ wá.

Ohun tó sọ mí di ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá nínú pálọ̀ nìyẹn. Rìmóòtù ni mo tẹ̀ ṣì, mo ń wá ẹyẹ, mo bá obìnrin kan pàdé tó wọ aṣọ tó fún mọ́ ọn lára bí ìbọ̀sẹ̀. Mo kọ́kọ́ kọjú sí ògiri. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tó ní àgbàlagbà tó bá fẹ́ lágbára ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn, kó dúró ti òun. Mo bá dúró. Lọ́jọ́ kejì mo fá irùngbọ̀n, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì ìsìn mi pẹ̀lú táì, nítorí ọmọ ọlọ́mọ ni, a ò sì tíì mọra.

Ó lójú àánú, ṣùgbọ́n òtítọ́ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo ṣì ń wá ibi tí mo máa fi kóòtù kọ́, ó ti ní mò ń ṣe dáadáa. Ó ní ká jókòó sórí àga. Mo wò ó, kò sí àga lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé tèmi wá, mo jókòó, ó dìde. Mo dìde, ó tún lọ jókòó sórí òfìfo. Lẹ́yìn náà ó ní kí ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ lọ mu omi, òun ń dúró dè wá. Mo gbà á gbọ́. Mo lọ mu omi, mo rí i pé àwọn adìẹ ò tíì jẹun, mo fún wọn, mo tún ọgbà wọn kàn níbi tó ti já. Nígbà tí mo fi máa dé, ó ti nà sílẹ̀, ó ń gbé ẹsẹ̀ sókè, kò tiẹ̀ bèèrè mi. Ó dùn mí. Mo sọ ọ́ sí i lójú pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún àgbà. Láti ọjọ́ náà, ife omi mi ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò fún un láyè láti tún já mi sílẹ̀.

Ó ní ká wá ohun wíwúwo kan nílé tí a óò máa gbé. Àwọn kan á gbé ìgò omi, ó ní kò burú. Mo ronú pé kí ni mo fẹ́ fi ìgò omi ṣe, ṣé ìgò omi ni mo fẹ́ lọ gbé wálé ni? Mo ní láti wá ohun tó wúwo tó ìyá rẹ. Mo sì mọ bó ṣe wúwo tó, nítorí wọ́n ti wọ̀n ọ́n lójú mi. Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ojúure rẹ̀ ni, a kó ẹja gbígbẹ lọ bá oníṣòwò, ọkùnrin tó ń ya ẹja sọ́tọ̀, èyí tó dára lọ́tọ̀, èyí tó ti bàjẹ́ lọ́tọ̀, ń fi àwọn ọmọbìnrin ṣeré, ló bá gbé Drusilla sórí òṣùwọ̀n. Ó wọn àpò ẹja gbígbẹ kan, wọ́n sì tún fi bọ́kẹ́ẹ̀tì iyọ̀ kan kún un kí òṣùwọ̀n tó dọ́gba. Ọkùnrin náà ké sí akọ̀wé bí ẹni ń pe ẹja pé ipò kìíní, sísá rẹ̀ dára, kò lábàwọ́n, ó yẹ ọjà òkèèrè. Drusilla mú ẹja tútù kan nílẹ̀, ó fi gbá a létí, ìpẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn lójú. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín àfi akọ̀wé. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé tí kò bá ṣe òun, mi ò fẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Nítorí náà mo di ànàmọ́ sínú àpò, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì iyọ̀ sínú ẹ̀, mo fi okùn so ó lẹ́nu, mo sì ń gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì wa sórí àga rẹ̀, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, èmi àti àpò la jọ ń ṣubú. Cluny bá wa nílẹ̀ lọ́jọ́ kan, èmi nísàlẹ̀, àpò lókè, ó ní ṣé kí òun padà wá. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ làágùn, igi ń bẹ níta tí kò tíì là. Ó ní nígbà tiwa, ta ló ń gbé ẹrù tí kò ní ibi tó ń gbé e lọ?

Òótọ́ ló sọ, ọ̀rọ̀ náà sì bà mí nínú jẹ́. Nígbà tiwa, òkun ló ń na ara fún wa, bí a fẹ́ bí a kọ̀. A ń fa àwọ̀n láti ìdájí títí apá á fi kú tí a ò ní mọ̀ pé a ní apá, àwọn obìnrin á máa la ẹja, wọ́n á máa sá a, tí òjò bá ṣú wọ́n á sáré kó o, ọmọ lẹ́yìn, ọmọ nínú. Gbogbo etí omi yìí kún fún ènìyàn. O lè jẹun òwúrọ̀ nílé kan, kó o jẹ tọ̀sán nílé kejì, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. Látìgbà tí ìjọba ti ní ká má pẹja mọ́ nítorí ẹja ń tán lọ, ẹ̀yin ọmọ ti lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni, kí lẹ fẹ́ dúró jẹ? Ṣùgbọ́n tí mo bá wo òkè yìí láàárọ̀, ilé tí èéfín ń yọ nínú wọn ò tó nǹkan mọ́. Ó ń dùn mí, Verna. Mi ò kì í sọ ọ́ nígbà tó o bá pè.

Wàyí o, mo ní láti sọ ohun tí mo ṣe ní oṣù kẹfà fún ọ kó o tó gbọ́ ọ lẹ́nu Cluny, nítorí ó ti ń sọ ọ́ káàkiri. Mo jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n gbé etíkun kan jáde. Òkúta dúdú ńlá wà lápá òsì rẹ̀, yanrìn rẹ̀ ṣe wínníwínní, òkè wà lẹ́yìn rẹ̀. Etíkun Ẹ̀yìn wa gan-an. Ìgbì dé, mo rí i pé fàdákà ni ìgbì náà, kápélìn ni, ẹja wẹ́wẹ́ wa, ó ń yí gbirigbiri wá sórí yanrìn láti wá yé ẹyin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ó mọ́ kedere tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbóòórùn rẹ̀. Mi ò bèèrè nǹkan kan. Kápélìn kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ọjọ́ tó bá wá ló wá. Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo fa agogo.

Gbogbo ilé tó ń yọ èéfín ló jáde. Wọ́n kó bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n kó àwọ̀n ọlọ́wọ́, Selina opó tí kò jáde láti ọjọ́ Àjíǹde gbé ìkòkò ìfọṣọ rẹ̀ lé orí ọmọlanke. A sọ̀kalẹ̀ lọ sí Etíkun Ẹ̀yìn tìlù tìfọn. A dé ibẹ̀, yanrìn lásán la bá, yanrìn àti kùrukùru.

Gbogbo wọn wò mí. Cluny bi mí pé níbo ni mo ti rí kápélìn. Mo ní nínú tẹlifíṣọ̀n ni. Ó ní ṣé mo rí ara mi níbẹ̀. Mo ní rárá. Ó ní ṣé mo rí òun. Mo ní rárá. Ó ní ṣé mo rí ẹnikẹ́ni tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dání. Mo ní mi ò rí i. Ó ní Hedley, ibi tí kápélìn bá ti ń yí tí kò sí ẹni tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe Dolman Bight. Ojú tì mí débi pé mo ń wo inú bọ́kẹ́ẹ̀tì mi.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó padà lọ sílé. Selina ní níwọ̀n ìgbà tí òun ti wọ bàtà, òun ò ní bọ́ ọ lásán. Ẹnì kan dáná pẹ̀lú igi tí omi kó wá, wọ́n fi ìkòkò ìfọṣọ se tíì, a jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì wa. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àtijọ́, bí a ṣe máa ń kún gbogbo etíkun yìí, bí àwọn ọmọdé kì í ṣeé lé lọ sùn. Wọ́n rántí ọ. Wọ́n rántí ọdún tó o kó kápélìn kún bàtà rọ́bà rẹ méjèèjì, tó o wá fi ẹsẹ̀ lásán rìn dé ilé, tó o tò wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ pé ọmọ rẹ ni wọ́n, tó jẹ́ pé òórùn ló tú àṣírí. Ìyá rẹ ò nà ọ́. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, ó ní kó o sọ orúkọ wọn fún òun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí òun tó kó wọn dànù. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nílùú yìí.

Nígbà tí a ń padà ni Cluny tẹ koríko òkun tó ń yọ̀, ó ṣubú, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú lójú wa. Ó ní ẹni tó ń wá ìfà ló ń wá òfò, pé kí a fi òun síbẹ̀ kí òun kú pẹ̀lú ìtìjú mi. A wo ara wa. Kò sí ọ̀dọ́ kan láàárín wa, ẹni tó kéré jù nínú wa ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Mo bá bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ṣe é bí obìnrin yẹn ṣe kọ́ mi, orúnkún ló ń tẹ̀, ẹ̀yìn á dúró ṣánṣán, mo tu èémí síta, mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Cluny kì í ṣe èèyàn kékeré, ó sì ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀nà, ó ní kí n rọra, ó ní òun kì í ṣe ànàmọ́, ó ní kí n má fi òun ṣe ọrẹ fún òkun. Mo gbé e gun òkè dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí àga. Ó gbé ẹsẹ̀ tó wú náà lé orí àpótí. Ó ní Hedley, lọ mú ìyàwó ẹ wálé.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni mo lọ. Mo tún wọ táì. Ìyá rẹ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti ya irun rẹ̀ dáadáa, ó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé tó o fún un. Maricel so bẹ́líìtì kan mọ́ ọn nídìí tí mo máa dì mú. Mo rántí ìgbà tí èmi àti rẹ̀ jọ ń gbé ẹja lórí pákó ọlọ́wọ́ mẹ́rin, òun níwájú, èmi lẹ́yìn, ọrùn rẹ̀ ni mò ń wò láti etí omi dé ibi tí a ń sá a sí, odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan. Kò sẹ́ni tó ń ju tirẹ̀ sílẹ̀ láìsọ fún ẹnìkejì, nítorí ọrùn ọwọ́ ẹni tó kù á kán. Mo bi í pé ṣé ó ti ṣe tán. Ó ní òun ti ń retí mi láti ìgbà ìkórè.

Mo tẹ orúnkún. Mo tu èémí. Mo fi gbogbo agbára tí mo ti ń kó jọ látìgbà tó ti ní kí n wá gbé òun gbé e.

Verna, díẹ̀ ló kù kí n jù ú mọ́ àjà. Èmi ni mo ta gọ́ọ́gọ́ọ́ sẹ́yìn, Maricel ló dì wá mú. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Súwẹ́tà ni mo gbé, súwẹ́tà àti egungun. Láti ìparí oṣù kẹta ni mo ti ń múra sílẹ̀ de ọmọbìnrin orí òṣùwọ̀n yẹn, mo rò pé òun ni wọ́n ń tọ́jú fún mi lọ́hùn-ún. Wọ́n ń bò ó lásọ nígbàkúùgbà tí mo bá lọ kí i, ojú rẹ̀ ni mo ń wò, mi ò mọ̀. Maricel ní bàbá, ṣé ẹsẹ̀ yín ni? Mo sunkún, ọmọ mi, níwájú àlejò, pẹ̀lú táì lọ́rùn. Ìyá rẹ gbé ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó fi nu ojú mi, ó ní Hedley, ṣé mo wúwo jù fún ẹ ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, o wúwo gan-an, o fẹ́ẹ̀ pa mí. Ó rẹ́rìn-ín ní ẹ̀gbẹ́ kan, inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí n sinmi kí n tún un ṣe.

Mo tún un ṣe, jẹ́jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo gbé e sórí àga, mo gbé e padà, mo gbé e dé ilé ìyàgbẹ́ àti àbọ̀. Maricel ní mo yege. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ ojú omi máa gbé e wálé, Cluny ti ń fi igi rìn, òun ló ní òun máa dúró létí omi láti pàṣẹ fún gbogbo wa.

Ìdí tí mo fi ń yọ ọ́ lẹ́nu rèé. Mo mọ̀ pé ilé ń gba owó lọ́wọ́ yín, ilé ìwé àwọn ọmọ ń gbà á, ṣùgbọ́n fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi. Má fi í sí bánkì o. Wọ́n ní bánkì ìlú òdìkejì ti kó wọ inú fóònù, mo ṣí ẹ̀yìn fóònù mi láti wò ó, bátìrì ni mo bá níbẹ̀, mi ò sì mọ ohun tó ṣe owó mi. Inú àpòòwé ni kó o fi í sí bí a ṣe ń ṣe é. Mo fẹ́ ra bọ́tà, ọ̀pọ̀ bọ́tà, àti ẹran màlúù oníyọ̀, àti mílíìkì tó ki, àti ìyẹ̀fun tí mo máa fi oyin ìrèké pò fún búrẹ́dì rẹ̀, àti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tí mo máa dín ẹja rẹ̀. Má ṣe rò ó pé mò ń jẹ ìjẹkújẹ. Èmi kọ́ ni mo fẹ́ jẹ ẹ́.

Ọlọ́run á bù sí i fún ọ láti ibi tó ò fọkàn sí. Àwọn ọmọ rẹ á gbé ọ nígbà tó bá kàn wọ́n, ẹ̀yìn ò ní dùn wọ́n. Ọkọ rẹ á máa bi ọ́ kó tó sọ ohun ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Yára fi owó náà ránṣẹ́, Verna. Mo ti lágbára ná. Mo fẹ́ kí ìyá rẹ wúwo.

Èmi ni bàbá rẹ,
Hedley Pardy